Àgbàrá àti Ọ̀rá ní Plateau

Àwọn àgbà a máa wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ìlú Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, àgbàrá ti rí olùrànlọ́wọ́ kan tí àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò mọ̀ rí. Olùrànlọ́wọ́ náà ni ọ̀rá, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní náílọ́ọ̀nù: ọ̀rá dúdú tí a fi ń di ẹja, ọ̀rá funfun tí a ń fa omi tútù mu nínú rẹ̀, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń di iyọ̀ àti ṣúgà, pẹ̀lú ìgò oníke àti abọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń jẹun nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a sì ń sọ nù. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní Abidjan ní òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2018, ènìyàn 18 ni ó bá a lọ. Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi náà ru ọ̀rá. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ rékọjá, ọ̀pọ̀ ilé ni a sì ti kọ́ sí ojú ọ̀nà omi láìbìkítà. Ṣùgbọ́n omi tí ó yẹ kí ó rí kòtò gbà, tí ó sì bá ẹnu kòtò náà ní dídí, ilé oníle ni yóò yà sí.

Plateau ni ojú tí Abidjan fi ń wo àlejò. Ó jókòó sí orí òkè pẹrẹsẹ kan tí omi ọ̀sà Ébrié nà ọwọ́ yí ká: apá ọ̀sà tí a ń pè ní Banco wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, apá ọ̀sà Cocody wà ní ìlà-oòrùn, afárá méjì so ó pọ̀ mọ́ Treichville ní gúúsù, Adjamé tí í ṣe ìlú ọjà sì fẹ̀yìn tì í ní àríwá. Àwọn Faransé tí wọ́n sọ Abidjan di olú-ìlú ní ọdún 1934 ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó fún ara wọn àti fún iṣẹ́ ìjọba wọn. Lóòótọ́, láti ọdún 1983 ni Yamoussoukro ti jẹ́ olú-ìlú nínú ìwé, síbẹ̀ Plateau ni ààfin Ààrẹ wà, ibẹ̀ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà, ibẹ̀ ni àwọn ilé gogoro tí àwọn mínísítà ń jókòó sí wà. Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà pẹ̀lú, tí ogun abẹ́lé lé lọ sí Tunis ní ọdún 2003, padà sí ibùjókòó rẹ̀ ní Plateau ní ọdún 2014. Ní òwúrọ̀, ọkọ̀ èrò láti Yopougon àti Abobo, àti ọkọ̀ ojú omi láti òdìkejì ọ̀sà, a máa kó àwọn òṣìṣẹ́ dà sí ibẹ̀ bí èèrà. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn a tún padà sí ilé, àdúgbò náà a sì dá wáí. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni ìgò omi, ọ̀rá oúnjẹ àti abọ́ ike.

Ṣùgbọ́n pàǹtírí tí àwọn òṣìṣẹ́ Plateau fi sílẹ̀ kọ́ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó ń léfòó ní etí ọ̀sà rẹ̀. Oríta kan wà tí a ń pè ní Indénié, níbi tí Plateau, Adjamé àti Cocody ti fi orí kan orí. Ibẹ̀ ni àfonífojì Gourou ń já sí. Òjò tí ó bá rọ̀ ní Abobo lókè, èyí tí ó bá rọ̀ ní Adjamé, àti èyí tí ó bá rọ̀ ní apá kan Cocody, inú àfonífojì yìí ni gbogbo wọn ń gbà sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú apá ọ̀sà Cocody. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni oríta Indénié fi jẹ́ ibi tí awakọ̀ ń bẹ̀rù láti gbà bí òjò bá ti ṣú. Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ná owó sí títún àfonífojì náà ṣe. Ní ọdún 2015 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá láti gba apá ọ̀sà Cocody là, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ìjọba Mòrókò. A kó ẹrẹ̀, a tún etí omi ṣe, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni a sì ṣí afárá tuntun kan tí okùn irin gbé ró, èyí tí ó so Plateau pọ̀ mọ́ Cocody. Iṣẹ́ tí ó wuni ni. Ẹni tí ó bá dúró sí orí afárá náà ní ọjọ́ tí kò sí òjò, inú rẹ̀ yóò dùn. Àmọ́ bí a bá fi kọ́ńkéré tẹ́ ojú ọ̀nà omi, ohun tí a ṣe ni pé omi yóò tètè dé. Ohun tí omi gbé lọ́wọ́ yóò tètè dé pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a wo bí ọ̀rá ṣe ń dí kòtò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun fúyẹ́fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan. Ewé tí ó bá bọ́ sínú kòtò yóò rà. Bébà yóò yọ́. Ọ̀rá kò ní rà, kò sì ní yọ́. Yóò ṣí ẹnu bí àpò, iyanrìn yóò wọ inú rẹ̀, yóò wúwo, yóò jókòó. Ọ̀rá kejì yóò wá gbé orí rẹ̀, ẹ̀ka igi kan yóò há sí àárín wọn, kí ó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ògiri ti mọ ara rẹ̀ sínú kòtò láìsí bíríkìlà. Bí ó bá sì jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi díẹ̀ tí ó kù sínú ọ̀rá àti nínú abọ́ ike tí a sọ sí ẹ̀yìnkùlé ti tó fún ẹ̀fọn láti pamọ sí. Ẹ̀fọn tí ó ń gbé ibà dẹ́ńgè kiri kò bèèrè ju omi ìṣẹ́jú ìgò kan lọ, Abidjan sì rí àjàkálẹ̀ ibà náà ní ọdún 2017 àti ní ọdún 2019.

Ìjọba Côte d'Ivoire kò sùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni wọ́n gbé òfin-àṣẹ 2013-327 jáde láti de ọ̀rá. Òfin náà de ṣíṣe é, ó de kíkó o wọ ìlú, ó de títà á, ó de níní i ní ìkáwọ́, ó sì de lílò ó. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò fi ihò sílẹ̀ fún eku láti gbà. Bí ó ti jáde ni àwọn onílé iṣẹ́ ọ̀rá fi igbe ta pé ẹ̀rọ àwọn yóò di irin àlòkù, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ àwọn yóò di aláìríṣẹ́ṣe. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú, ó di ọdún 2014 kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọlọ́pàá wọ ọjà, wọ́n gba ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á. Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rá sá pamọ́ sí abẹ́ àtẹ. Lẹ́yìn náà ó tún jáde. Ẹni tí ó bá rìn gba ọjà Adjamé kọjá, tí kì í ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin náà, yóò rí ọ̀rá tí ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí gbogbo àtẹ.

Kí ni ó fà á? Àwọn kan wí pé ará ọjà kò gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé tí owó oúnjẹ ọjọ́ kan ṣoṣo wà ní ọwọ́ rẹ̀ kò lè ra kẹ́ẹ̀gì òróró, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ra odidi àpò ìrẹsì. Òróró tí yóò se ọbẹ̀ ọjọ́ náà ni ó fẹ́ rà, pẹ̀lú ìyọ̀ ṣíbí méjì, tòmátò inú agolo tí a bù ní ṣíbí kan, àti ṣúgà kóró mẹ́wàá. Ìyá tí ń tajà ni yóò já odidi ẹrù sí wẹ́wẹ́ fún un, ohun tí ó sì fi ń já a sí wẹ́wẹ́ ni ọ̀rá. Ọ̀rá ni òṣùwọ̀n tálákà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rá kúrò lọ́wọ́ ìyá náà láìfi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, ó ti gba òwò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gba ọbẹ̀ alẹ́ kúrò lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀. Òfin 2013 bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára kò sí rárá. Ìdí nìyí tí kò fi rìn jìnnà.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Láti ayé àwọn baba wọn ni àwọn ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń rìn ìrìn-àjò òwò lọ sí Abidjan. Títí di òní, ọkọ̀ a máa gbéra láti Èjìgbò gan-an, a gba Benin, Togo àti Ghana kọjá kí ó tó dé ibẹ̀, owó sẹ́fà àti èdè Faransé kì í sì í ṣe àjèjì ní Èjìgbò. Anago ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ni ó wà láàárín wọn, ọjà tí wọ́n sì ń tà fún ará ìlú, wẹ́wẹ́ ni. Nígbà tí òfin bá dé láti Plateau, àtẹ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bà lé. Àjèjì tí ó ń ṣòwò ní ìlú onílùú kò sì ní ẹnu púpọ̀ láti fi jiyàn pẹ̀lú ọlọ́pàá.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì pẹ́ jù tí ọ̀rá dé. Àwọn tí ó ti dàgbà lónìí ṣì rántí ìgbà tí ẹ̀kọ ń wá nínú ewé, tí àwọn oníṣòwò obì ń fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n kí obì má baà gbẹ títí yóò fi dé ilẹ̀ Haúsá. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, irú rẹ̀ wà nínú igbó Côte d'Ivoire pẹ̀lú. Wọ́n a máa fi ewé di attiéké, oúnjẹ tí wọ́n ń fi gbágùúdá ṣe, èyí tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àṣà àgbáyé ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Títí di òní, àwọn tí ń ta attiéké pẹ̀lú ẹja díndín ní ẹ̀bá ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní garba, kò tíì jọ̀wọ́ ewé pátápátá. Ohun ìyanu ni pé ewé tí a rò pé ó jẹ́ ti ayé àtijọ́ nìkan ni ohun tí a fi ń di nǹkan tí kò bẹ̀rù àgbàrá. Ṣùgbọ́n ewé kì í gba òróró àti omi dání bí ọ̀rá, kò sì sí ẹni tí ó ń gbin ín tó bí ìlú ti tóbi tó. Ẹni tí ó bá wí pé kí gbogbo Abidjan padà sí ewé lọ́la, inú igbó ni yóò parí.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbìyànjú. Rwanda de ọ̀rá ní ọdún 2008, wọ́n sì mú un le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù arìnrìn-àjò wò ní pápákọ̀ òfúrufú Kigali. Kenya ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017: owó ìtanràn tó mílíọ̀nù 4 ṣílè, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 4. Àwọn méjèèjì rí ìyípadà tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì náà ni wọ́n ṣì ń bá àwọn tí ń gbé ọ̀rá gba ẹnu ibodè ní òru jà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ abọ́ funfun tí a fi ń gbé oúnjẹ, èyí tí ilé oúnjẹ ńláńlá ń lò, kí wọ́n tó yíjú sí àwọn ike àlòsọnù mìíràn láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú bí Èkó ti ṣe bẹ̀rẹ̀: ilé oúnjẹ ní àdírẹ́sì, ó ní orúkọ, ó sì ní ohun tí ó lè fi rọ́pò abọ́ rẹ̀. Ìyá tí ń ta iyọ̀ ní ìdí àtẹ kò ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí ó yẹ kí Abidjan ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tíì pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀, ni ibi tí ó ní ẹnu-ọ̀nà. Plateau kún fún irú ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba ní ẹnu-ọ̀nà. Báǹkì ní ẹnu-ọ̀nà. Ohun tí ó bá wọlé ní irú ibẹ̀, ọ̀gá kan ni ó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó rà á. Bí mínísítà bá ń ṣe ìpàdé, wọn a máa to ìgò omi kéékèèké oníke síwájú àwọn àlejò, ìgò kan fún ẹnì kan. Wọn a mu ún dé ìlàjì, wọn a sì dìde. Àṣà yìí kì í ṣe ti Abidjan nìkan. Abuja, Accra àti Cotonou ń ṣe é bákan náà, ó sì jọ bí ẹni pé omi inú ife gíláàsì ti di ohun ìtìjú. Kò sí tálákà kankan nínú yàrá ìpàdé náà tí ebi yóò pa bí a bá gbé ìgò oníke kúrò, tí a sì gbé jọ́ọ̀gì omi àti ife sí i. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí i pé ọ̀gá òun ń fi ife mu omi kò ní gbà pé òfin ọ̀rá wà fún ìyá ọlọ́jà nìkan.

Lẹ́yìn ọ́fíìsì, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kàn. Ní òdìkejì apá ọ̀sà, ní Cocody, ni Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Abidjan, tí a sì fún ní orúkọ tí ó ń jẹ́ nísinsìnyí ní ọdún 2012. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọgbà yunifásítì jẹ́ ìlú kékeré tí ó ní odi: ó ní ọjà tirẹ̀, ó ní ilé oúnjẹ tirẹ̀, àwọn aláṣẹ rẹ̀ sì ni wọ́n ń fún olóúnjẹ ní ìwé àṣẹ láti tajà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 10,000 bá mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta-mẹ́ta lóòjọ́, ọ̀rá 30,000 ni a óò sọ nù kí oòrùn tó wọ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ kan tí ó ní ọjọ́ márùn-ún, ó di 150,000. Kò sí agbálẹ̀ tí ó lè fi ìgbálẹ̀ borí èyí. Ẹ̀rọ omi mímu tí a sẹ́ dáradára, tí a gbé sí ẹnu ilé ìkàwé, sí ẹnu gbọ̀ngàn ìkọ́ni àti sí ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni ó lè borí rẹ̀. Àní, bí omi náà bá tutù, kò sí ìwàásù tí a ó ní láti ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan kí ó tó mú ìgò tirẹ̀ wá láti ilé. Omi tútù ni wọ́n ń lé kiri; kì í ṣe ọ̀rá.

Ti oúnjẹ le díẹ̀ ju ti omi lọ. Bí a bá ní kí olóúnjẹ lo àwo tí a ń fọ̀, ta ni yóò fọ̀ ọ́, omi wo ni yóò sì fi fọ̀ ọ́? Àwo tí a kò fọ̀ dáadáa a máa kó àrùn ran ènìyàn, ìyá olóúnjẹ ni wọn yóò sì mú fún un. Nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kí olóúnjẹ jọ̀wọ́ abọ́ àlòsọnù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀rọ omi, ojú ibi ìfọwọ́ àti ibi tí àwo yóò ti gbẹ. Èyí yóò náni lówó. Kíkó ẹrẹ̀ kúrò ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú ń náni lówó, ó sì pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì.

Ní ti ìgò, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò nílò olùkọ́ láti òkè òkun. Ta ni kò rántí ìgbà tí a kì í gba mínírà lọ sí ilé láìmú òfìfo ìgò wá, tàbí kí a fi owó dúró fún un? Ọmọ tí a rán níṣẹ́ mọ̀ pé bí òun bá fọ́ ìgò náà, òun yóò jẹ̀bi nílé. Ìgò kan ṣoṣo a lọ, a bọ̀, fún ọdún púpọ̀. Ìgò ike ni ó pa àṣà yìí, nítorí pé ẹni tí ó ṣe é kò fẹ́ ẹ padà. Bí ọgbà yunifásítì kan, tàbí àwọn ilé gogoro Plateau, bá fi owó ìdógò kékeré lé ìgò ike kọ̀ọ̀kan, kò sí ìgò tí yóò pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tí kò bá gba owó rẹ̀ padà, ẹlòmíràn yóò gbà á fún un.

Nítorí pé ohun tí ó bá ní iye lórí kì í sùn sínú kòtò. Ní ọdún 2019, UNICEF wí pé Abidjan nìkan ń da ohun tí ó lé ní 280 tọ́ọ̀nù ike nù lójúmọ́, àti pé nǹkan bí 5 nínú 100 rẹ̀ ni a ń tún lò. Ọwọ́ àwọn obìnrin tí ń ṣa ike ní ààtàn ni díẹ̀ yìí ń gbà kọjá, fún owó táṣẹ́rẹ́. Ní oṣù keje ọdún náà ni UNICEF àti ilé iṣẹ́ Conceptos Plásticos láti Colombia kéde pé àwọn yóò gbé ilé iṣẹ́ kalẹ̀ ní Abidjan láti fi ike àlòkù ṣe bíríkì. Wọ́n a lọ ike náà, wọ́n a yọ́ ọ, wọ́n a sì tẹ̀ ẹ́ sínú òṣùwọ̀n, bíríkì náà a sì há mọ́ ara wọn láìsí sìmẹ́ǹtì. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ 500 ni wọ́n pinnu láti kọ́ fún àwọn ọmọ tí ó lé ní 25,000. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ́ sí Gonzagueville, Divo àti Toumodi. Èkó ní tirẹ̀ pẹ̀lú: láti ọdún 2012 ni Bilikiss Adebiyi-Abiola ti dá Wecyclers sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí wọ́n ń wọn ike, tí wọ́n sì ń fún onílé ní àmì tí yóò fi gba ọjà. Ní Ajegunle, Morit International School gbà kí àwọn òbí fi ìgò ike san lára owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Ìyá tí ó ń kó ìgò ike jọ sínú àpò láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀kan sínú gọ́tà láé.

Síbẹ̀, kí a má fi èyí tan ara wa. Ìgò ni aṣàke ń fẹ́. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kò wúwo. A ó ṣa ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ kí ó tó di kílò kan, ẹrẹ̀ ti kún inú rẹ̀, òróró ti tá sí i lára. Nínú gbogbo ike tí ayé ń sọ nù, gẹ́gẹ́ bí àjọ OECD ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2022, nǹkan bí 9 nínú 100 ni ó ń di ohun àtúnlò. Ìyókù ń lọ sí ààtàn, tàbí sínú iná, tàbí sínú omi. Ààtàn pàápàá kì í gbàgbé. Láti ọdún 1965 ni Abidjan ti ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sí Akouédo, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 50 ọdún. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí wọ́n da májèlé inú ọkọ̀ Probo Koala sí ní òru ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2006, tí ó mú kí ohun tí ó lé ní 100,000 ènìyàn sá lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti pa ààtàn náà tì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ìdọ̀tí ìlú wá ń lọ sí Kossihouen, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí àríwá. Bí ilẹ̀ ti jìnnà tó ni owó epo ọkọ̀ ìdọ̀tí ń ga tó, bí owó epo bá sì ti ń ga, àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, bí àwọn kan ní Abobo, ni ọkọ̀ náà yóò kọ́kọ́ gbàgbé. Àdúgbò tí ọkọ̀ ìdọ̀tí bá gbàgbé, àgbàrá ni yóò bá a kó tirẹ̀, Indénié ni yóò sì gbé e dé.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2023, Abidjan ni gbogbo ayé fi ojú sí. Côte d'Ivoire ni ó gba àlejò Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé ní ọdún náà, ìlẹ̀ Nẹ́dálándì ṣe alábàáṣe, ọ̀rọ̀ ike ni wọ́n sì fi ṣe àkòrí. Ní ọdún kan ṣáájú, ní Nairobi, àwọn orílẹ̀-èdè ti gbà láti kọ àdéhùn kan ṣoṣo fún gbogbo ayé lórí ike. Wọ́n jókòó ní Busan ní ìparí ọdún 2024, wọn kò fẹnu kò. Wọ́n tún jókòó ní Geneva ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n sì tún tú ká láìfọwọ́ sí ìwé: àwọn kan fẹ́ kí a dín ike tí a ń ṣe kù, àwọn tí ó ní epo rọ̀bì kò gbà ju pé kí a máa gbá ìdọ̀tí lọ.

Ìwé tí Plateau lè fọwọ́ sí kò ní láti dúró de Geneva. Lọ́dọọdún ni ilé iṣẹ́ ìjọba ń tún ìwé àdéhùn kọ pẹ̀lú àwọn tí ń gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì pẹ̀lú àwọn olóúnjẹ rẹ̀. Ìlà kan nínú ìwé náà, pé kò gbọ́dọ̀ sí ìgò omi kékeré oníke àti abọ́ àlòsọnù nínú ohun tí wọn yóò gbé wọlé, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Òfin 2013 ti fún wọn ní àṣẹ lórí ọ̀rá láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Bí wọ́n bá kọ ìlà náà kí òjò oṣù kẹfà tó dé, ìyá ọlọ́jà ní Adjamé yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ọlọ́pàá tó dé ìdí àtẹ rẹ̀.